Bẹ́ ẹ ṣe lè kó ara yín jọ lọ yàwòrán níta gbangba ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ nífẹ̀ẹ́ sí àwòrán yíyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá ò fi iṣẹ́ yìí jẹun, inú yàrá la máa ń jókòó sí, fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó máa wo fọ́tò òkè tí yìnyín bò nílùú òyìnbó, òun la ó máa yà, bẹ́ẹ̀ tá a bá ṣí fèrèsé, oko obì wà níta, páànù tó ti dógùn-ún wà níta, ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wà níta, kò sì sẹ́ni tó ń yà wọ́n. Ó ń dùn mí gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ bẹ́ ẹ ṣe lè kó ara yín jọ, kẹ́ ẹ jáde lọ bá ilẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ sì yà á. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ti lọ iléèwé fún un.

Ẹ jẹ́ n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: níta gbangba, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji là ń lé. Igi ò ní lọ, ilé ò ní lọ, àmọ́ òjìji tó wà lábẹ́ igi yẹn ń rìn. Láàárín wákàtí kan oòrùn á ti sún ní digíríì 15 lójú ọ̀run, ibi tó dúdú láago méje ààbọ̀ lè ti máa tàn yanran tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo èyí tó kù tí mo máa sọ dúró lé.

Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́jọ dáa. Tẹ́ ẹ bá kéré sí mẹ́rin, ọkàn kì í balẹ̀ nínú oko, ẹ ó kàn máa wẹ̀yìn ni. Tẹ́ ẹ bá sì ti ju mẹ́jọ lọ ó ti fẹ́ di òde ìnáwó nìyẹn, ariwo á pọ̀, kórópe kan ò sì ní gbà yín. Ẹ dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀, kẹ́nì kan ṣe olórí ọjọ́ yẹn, òun lá mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, òun lá bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, òun náà lá sọ pé ó tó, ẹ kó ẹrù. Ẹ má wá ẹni tó mọ̀ ọ́n yà bíi tiyín nìkan o. Èmi fẹ́ràn kí tíṣà, télọ̀, ọmọ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè àti màmá tó ti fẹ̀yìntì jọ wà nínú ẹ̀. Télọ̀ yẹn, ẹ kàn máa wò ó, ó máa ń rí bí nǹkan ṣe tẹ̀ àti bí àwọ̀ méjì ṣe ń bára wọn jà kíá, torí ohun tó ń fojú ẹ̀ ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lọ, a ò ní àpáta ràgàjì bíi Olúmọ ti Abẹ́òkúta, àmọ́ ohun tá a ní pọ̀. Ní Òkè-Erí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ìtàn sọ pé wọ́n sin Bilikisu Sungbo, obìnrin ọlọ́rọ̀ inú ìtàn Ìjẹ̀bú, sí, ẹ béèrè ibi tẹ́ ẹ ti lè rí Eredo. Yàrà àti odi tí àwọn baba ńlá wa fọwọ́ gbẹ́ ni, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Tẹ́ ẹ bá dúró nínú ẹ̀, ewé á bo òkè, ìmọ́lẹ̀ á máa já bọ́ lókọ̀ọ̀kan láàárín ewé, ògiri ilẹ̀ tútù á wà lọ́tùn-ún lósì. Mo nífẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó le fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ torí ewé lórí ewé ni. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó wá ibi tó ní ilé kan, ojú ọ̀nà kan, igi kan tàbí méjì. Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ wà nínú Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ṣe ọnà sí ojú fèrèsé wọn, ọ̀nà oko gbànja wà lápá Rẹ́mọ, odò Yemoji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde tó bá jẹ́ omi lẹ fẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí náà wà káàkiri, èéfín ibẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ bá gbà á kọjá, lójú tèmi, ó dáa ju òdòdó lọ.

Kẹ́ ẹ tó gbé àpótí kalẹ̀ ṣá, ẹ kí onílẹ̀. Ẹ rántí pé ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, ẹni tí ò mọ̀ yín rí, tó bá rí i tẹ́ ẹ mú pátákó àti pẹ́ńsùlù dání tẹ́ ẹ̀ ń fi ọwọ́ wọn ilẹ̀ lókèèrè, ohun tó máa wá sọ́kàn ẹ̀ ni pé ẹ wá wọn ilẹ̀ òun fún ẹni tó fẹ́ rà á lẹ́yìn òun. Kò sí ìjà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tètè sọ̀rọ̀: "Ẹ kú oko o, bàbá. Ayàwòrán ni wá, oko yín yìí ló wù wá, a fẹ́ jókòó síbí fún wákàtí méjì ká yà á, a ò ní já ewé kan." Kẹ́ ẹ wá fi àwòrán tẹ́ ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n. Ojú ẹsẹ̀ lara wọn máa ń balẹ̀, nígbà míì àwọn fúnra wọn á mú yín lọ síbi tó dáa ju èyí tẹ́ ẹ rí lọ.

Ẹ béèrè nípa Orò àti Agẹmọ náà, ẹ má fojú di í. Lásìkò Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú, obìnrin ò gbọ́dọ̀ rí àwọn Agẹmọ lójú ọ̀nà, nígbà tí Orò bá sì wà níta obìnrin kì í jáde, kì í ṣe inú oko ló yẹ kí àwọn obìnrin tó wà láàárín yín ti máa gbọ́ ìkéde. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúbọ lẹ fẹ́ jókòó sí, ẹ béèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ibẹ̀. Ẹ yẹra fún bárékè àti tésàn ọlọ́pàá, ẹ má sì jókòó sétí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ, bó ti wù kó rẹwà tó.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ oòrùn, aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti débẹ̀, kẹ́ ẹ kó ẹrù láago mẹ́sàn-án ààbọ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ láago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan ò dáa, òjìji á sá sábẹ́ igi, gbogbo nǹkan á tẹ́ pẹrẹsẹ, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin tí oòrùn máa ń wà ní ọ̀gangan àtàrí níbí. Ìgbà ọyẹ́ ní adùn tiẹ̀, igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á di aláwọ̀ eérú, ojú ò ní máa ka ewé, àmọ́ eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ìgbà òjò, ilẹ̀ á pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo watercolour, ìyẹn ọ̀dà olómi tí wọ́n ń fi yàwòrán sórí pépà, á jókòó ti pépà títí, kò ní gbẹ. Tó bá jẹ́ tèmi ni, inú oṣù kẹjọ tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, ìkùukùu á bo ojú ọ̀run, ara á tù, ìmọ́lẹ̀ ò ní máa yí padà ní gbogbo ìgbà.

Ẹrù ò gbọ́dọ̀ pọ̀. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ̀dà sí, kò ṣeé gbé rìn jìnnà, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Goffe Rand ló wá ṣe túùbù onítánńganran ní 1841, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún àwọn ayàwòrán bíi Monet ní Faransé láti gbé ọ̀dà wọn lọ setí odò. Aina Onabolu, ayàwòrán tiwa tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní London láti 1920, ó tún kọ́ ọ ní Académie Julian ní Paris, kó tó padà sílé ní 1922. Ojú èèyàn ló yà jù. Mo máa ń sọ fáwọn tá a jọ ń jáde pé bí bàbá yẹn ṣe fara balẹ̀ wo ojú àwọn èèyàn wa, bẹ́ẹ̀ ló yẹ káwa náà fara balẹ̀ wo ilẹ̀ tó bí i.

Ọ̀dà márùn-ún tó: funfun, yẹ́lò, pupa, búlúù tí wọ́n ń pè ní ultramarine, àti burnt sienna tó jọ ilẹ̀ wa. Ẹ má ra green rárá, màá sọ ìdí ẹ̀. Acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, ni mo máa ń sọ pé kẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ lò, torí oil, ìyẹn ọ̀dà olóròóró, ò ní gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ kórópe, aṣọ ẹlòmíì lá sì kùn. Àmọ́ acrylic máa ń gbẹ kíá nínú oòrùn, torí náà ẹ mú abọ́ onídèérí, ẹ tẹ́ àkísà tútù sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ pépà tí wọ́n fi ń yan kéèkì lé e, orí ẹ̀ lẹ ó máa po ọ̀dà sí, kẹ́ ẹ sì mú ike tí àwọn onídìrí fi ń fín omi sírun dání. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé pílíwúùdù fún yín, kó má ju pépà A4 lọ, ẹ fi gesso, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì nílé. Tó bá jẹ́ watercolour, pépà tó nípọn tí wọ́n kọ 300gsm sí. Agbòòrùn yín, dúdú tàbí funfun ni, torí agbòòrùn pupa á da àwọ̀ pupa sórí iṣẹ́ yín, gbogbo àwọ̀ tẹ́ ẹ bá pò á ṣìnà. Ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn bà sórí pátákó yín, ojú á rí i pé ó mọ́lẹ̀, ẹ ó máa fi dúdú kún un, tẹ́ ẹ bá délé ó ti dúdú kọjá. Ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, torí ìjàlọ.

Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, ẹ má tíì jókòó. Ẹ rìn yíká. Ẹ gé ihò sára páálí kékeré kan, kí ihò yẹn ní irú ìgun tí pátákó yín ní, ẹ dijú kan kẹ́ ẹ máa gba inú ẹ̀ wo ọ̀tún àti òsì títí tí nǹkan kan á fi dá yín dúró. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yà á ní kékeré, kó má ju káàdì ATM lọ, àwọ̀ mẹ́ta péré: ibi tó dúdú, ibi àárín, ibi tó mọ́lẹ̀. Ẹ fún ojú pọ̀ kẹ́ ẹ lè rí i, àwọn ewé wẹ́wẹ́ á pòórá, ohun ńlá ńlá lá kù. Ẹ wá fi burnt sienna tó ṣàn kùn gbogbo pátákó, kí funfun ẹ̀ má máa gún yín lójú.

Lẹ́yìn ìyẹn, òjìji. Gbogbo òjìji pátá, lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ, tòjìji ilé, tabẹ́ igi, tẹ̀gbẹ́ ògiri. Tẹ́ ẹ bá ti yà á tán, ẹ má tún un yà mọ́! Oòrùn á rìn, ó máa wù yín kẹ́ ẹ tẹ̀lé e, ẹ má tẹ̀lé e, torí ẹni tó bá tẹ̀lé e á ní aago méje níbí àti aago mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún nínú àwòrán kan ṣoṣo. Ojú ọ̀run ló kàn, ẹ ó wá máa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá síwájú. Ẹ lè fi fóònù ya fọ́tò kan níbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ fi rántí òjìji, àmọ́ ẹ fi sápò padà, fóònù máa ń sọ òjìji di èédú, kì í rí àwọ̀ tó wà nínú ẹ̀, ojú yín ń rí i.

Ewé ló máa ń dà wá láàmú jù níbí, torí náà ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má ra green. Èyí tó wà nínú túùbù le jù, kò sí ewé kankan nínú oko tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ po yẹ́lò àti búlúù, kẹ́ ẹ fi pupa díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Ewé obì dúdú, ó ń dán, ojú ẹ̀ tó kọ sókè máa ń gbé búlúù ojú ọ̀run. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn gba ẹ̀yìn ẹ̀ wá, yẹ́lò ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀pẹ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, funfun àti búlúù ló máa gbé e jìnnà.

Páànù náà nìyẹn, kò síbi tẹ́ ẹ máa jókòó sí ní Ìjẹ̀bú tí páànù tó dógùn-ún ò ní sí níwájú. Ọ̀pọ̀ á gbé búráùn kan, wọ́n á fi kùn ún látòkè délẹ̀. Ẹ wò ó láàárọ̀: apá tó kọjú sí oòrùn dà bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, burnt sienna, funfun àti yẹ́lò díẹ̀ ló máa gbé e, apá tó kẹ̀yìn sí i ti ń lọ sí elésè àlùkò, burnt sienna àti ultramarine nìyẹn, tí wọ́n bá fi páànù tuntun kan lẹ̀ ẹ́ láàárín, ojú ọ̀run lẹ máa rí lára ẹ̀. Ẹ má fa gbogbo ìlà páànù o, mẹ́ta mẹ́rin létí ibi tó ti parí, ojú á parí èyí tó kù fúnra ẹ̀.

Àwọn ọmọdé máa wá dúró lẹ́yìn yín. Ẹ mú pépà àti pẹ́ńsùlù díẹ̀ wá fún wọn, wọ́n á jókòó yà tiwọn. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sínú àwòrán, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀. Oúnjẹ ò le, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà, omi tútù, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ so tépù pupa mọ́ ike omi ọ̀dà o, kẹ́nì kan má lọ fi pogàrí, ẹ má sì da omi ọ̀dà sódò tí wọ́n ń pọn, ẹ gbé e lọ sílé.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ to iṣẹ́ gbogbo yín sídìí ògiri, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn. Kẹ́nì kan má sọ pé "ó dáa" tàbí "kò dáa". Ẹ bi ara yín léèrè pé níbo lojú kọ́kọ́ bà sí, ṣé aago mélòó ni wọ́n máa sọ pé ó jẹ́ nínú àwòrán yìí? Tẹ́ni mẹ́ta bá sọ aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òjìji yẹn ló ń tàn wọ́n, kí onítọ̀hún mọ ibi tó máa tún ṣe. Ẹ fi ìdérí ìgò kéékèèké sáàárín pátákó méjì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dè wọ́n, kò ní lẹ̀ mọ́ra. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ọjọ́ àti aago sẹ́yìn ẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ padà sí nígbà mìíràn, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ kọ́kọ́ lọ.