Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì mọ́tò

Bí mọ́tò bá ń gbọ̀n, tí agbára rẹ̀ sì ń dínkù bí ó ti ń gun òkè láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, púlọ́ọ̀gì (èyí tí ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) tí ó ti jẹ, tàbí kọ́ìlì (èyí tí ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná) tí kò lágbára mọ́, ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí. Iṣẹ́ kékeré ni pípààrọ̀ wọn ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe ti ìwàǹwára.

Èyí tí ó burú jù ni kí a ki sípánà bọ púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní. Bí kò bá tíì tutù, tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, ìyẹn ojú tí púlọ́ọ̀gì ń yí wọ̀, lè bá púlọ́ọ̀gì jáde, owó àtúnṣe yóò sì ju ti púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fíìfíì. Ẹ tún fẹ́ atẹ́gùn sí ihò náà kí ẹ tó tú u, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí eruku má baà já sínú sìlíńdà. Bí ẹ bá ń dá tuntun padà, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi yí i wọlé. Bí ó bá ti ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́ nìyẹn, ẹ yọ ọ́. Tí ó bá jókòó tán, púlọ́ọ̀gì tuntun tí ó ní wáṣà kò nílò ju bí ìdajì yíyípo sí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Ẹ má fi sáńpépà ha ẹnu púlọ́ọ̀gì tí a fi irin líle iridium ṣe ṣóńṣó orí rẹ̀, nítorí ṣóńṣó náà kò nípọn tó mìlímítà kan.

Ti kọ́ìlì ni ó ń ná ènìyàn lówó jù lásán. Bí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá kọ kóòdù P0301, sìlíńdà kìn-ín-ní ni ó ń tọ́ka sí, pé epo kò jó dáadáa níbẹ̀. Kò tíì sọ pé kọ́ìlì ni. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi kọ́ìlì ibẹ̀ ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ti sìlíńdà kejì: bí kóòdù bá di P0302, ọ̀daràn ti fara hàn. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá kún ihò púlọ́ọ̀gì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì (valve cover) ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí ọ́ìlì yẹn yóò tún ba kọ́ìlì tuntun jẹ́. Àwọn àgbà mẹkáníìkì kan ṣì máa ń fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ èyí tí kò jó. Iná tí ó lè ju 20,000 fóòtì lọ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn yẹn.

Bí iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣíbọ́ọ̀dù bá wá ń ṣẹ́jú, ẹ má sọ pé ẹ ó wà á dé Oǹdó ná, nítorí epo tí kò jó ń lọ sínú sáléńsà, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ catalytic converter, èyí tí ń fọ èéfín mọ́ nínú sáléńsà, kí ẹ tó débẹ̀.