Bí ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ 54 ní kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ẹ̀rọ 6 péré lẹ ní

Ọmọbìnrin JSS 2 kan ló là mí lójú. Ó mọ ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà lórí, á ka ẹ̀yà ara ẹ̀ fún yín bí ẹni ń ki oríkì, 18 nínú 20 ló gbà nínú tẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ tí mo wá gbé e síwájú ẹ̀rọ pé kó ṣí Paint, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán, ó gbé máòsì kúrò lórí tábìlì, ó nà án sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń fi rìmóòtù yí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun, odidi táàmù kan ni mo fi ń pe nóòtì fún wọn tí wọ́n ń kọ.

Torí ẹ̀, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, yálà Ifẹ̀ níbí lẹ wà ni o, àbí Modákẹ́kẹ́, àbí Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun sí bọ́ọ̀dù. Ìtumọ̀ á tẹ̀lé e. Ọmọ tó bá ti tan kọ̀ǹpútà tó sì ti pa á fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé e pé kí ni monitor.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ̀rọ ò tó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọmọ 54, ẹ̀rọ 6, pírèdì kan jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo wọn wọlé pọ̀, ọmọ 9 á há sídìí ẹ̀rọ kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tí àwọn tó ga ò bá fi èjìká ti àwọn kéékèèké sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa tì wọ́n. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí 18 lọ sídìí ẹ̀rọ, mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn 36 tó kù máa ṣe iṣẹ́ tí ò nílò ẹ̀rọ, mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Nínú mẹ́ta yẹn, ẹnì kan á di máòsì mú, ẹnì kejì á máa ka ohun tó kàn sí i létí, ẹnì kẹta á máa kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀. Tó bá ti di ìṣẹ́jú 12, ẹ pàtẹ́wọ́, kí wọ́n pààrọ̀. Òótọ́ ni pé pírèdì mẹ́ta-mẹ́ta ni yóò máa yí kan ọmọ, àmọ́ ìṣẹ́jú 12 tó fi jókòó ire sàn ju mẹ́rin tí wọ́n ń jà sí lọ. Òfin kan wà tí mi ò fi ṣeré: ẹni tí kì í ṣe òun ló kàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan máòsì, ẹnu ni kó fi ran ọmọ kejì lọ́wọ́. Àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù nílé ló máa ń fẹ́ já a gbà, ẹ máa ṣọ́ wọn.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n fi lajú, ojú kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ fìka tẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde fún àwọn ọmọ iléèwé ní 2013, ìwé wà nínú ẹ̀, ìbéèrè ọdún àtijọ́ wà nínú ẹ̀, ó wúlò, ṣùgbọ́n ìka lásán la fi ń lò ó, kò lè kọ́ ọmọ ní máòsì. JAMB sì ti kúrò lórí ìwé pátápátá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà láti 2015. Ìbéèrè 180 ní ìṣẹ́jú 120, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó ń fi 15 nínú ẹ̀ wá ibi tí ọfà máòsì wọlẹ̀ sí ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn SS yín pé wọ́n lè fi kíbọ́ọ̀dù nìkan ṣe é: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdáhùn ránṣẹ́ (submit), R láti yí i padà (reverse). Mẹ́jọ péré ni.

Fún pírèdì mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ, Paint nìkan ni kí wọ́n ṣe. Kí wọ́n fi máòsì ya ilé, kí wọ́n fi kọ orúkọ wọn, bó ti wù kó wọ́ tó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó bọ́ sí títẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n fìka wá bọ́tìnnì méjì tó ní igi tín-ín-rín lórí, F àti J ni, ibẹ̀ ni ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì ń gbé. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí inú wọn ṣe máa ń dùn tó tí wọ́n bá rí i.

Ó wá ku iṣẹ́ tí ò nílò ẹ̀rọ. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí Ifẹ̀ la wà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa ìdérí ìgò mínírà 8 wá, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tà á kún fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tò ó sílẹ̀ ní ìlà kan. Èyí tó bá ṣíjú sókè, 1 ni, èyí tó bá dojú dé, 0 ni. Ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ náà ò jùyẹn lọ, iná wà, iná ò sí. Ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà mélòó ni ìdérí kan lè gbà jókòó? 2. Méjì ń kọ́? 4. Mẹ́ta? 8. Mẹ́rin? 16. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan. Ní kíláàsì tèmi, ọmọ kan tí bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ babaláwo ló kọ́kọ́ pariwo: "Tíṣà, ojú odù mà nìyẹn!" Òótọ́ ló sọ. Ojú odù jẹ́ 16. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣí tàbí kó dé, gbogbo odù lápapọ̀ sì jẹ́ 256. Ẹ ní kí wọ́n wá ka ọ̀nà tí ìdérí 8 lè gbà jókòó, 256 náà ni. Ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní byte gan-an nìyẹn, bit 8 (ìdérí kan dúró fún bit kan), láti 0 dé 255. Mi ò sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà o, ìṣirò tó wà nídìí méjèèjì ló jẹ́ ọ̀kan náà, ọmọ Ifẹ̀ sì yẹ kó mọ̀ pé ìṣirò yìí kì í ṣe àjèjì nílé baba òun.

Òbí kan wá bá mi nítorí ẹ̀, wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní dá Ifá. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo to ìdérí síwájú wọn, mo ní ẹ jẹ́ ká jọ kà á, a kà á títí dé 16, wọ́n ní ìṣirò mà ni. Ẹ múra sílẹ̀ fún irú ẹ̀, ẹ má sì bínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ìdérí kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: ti ọ̀tún pátápátá jẹ́ 1, èyí tó tẹ̀ lé e 2, lẹ́yìn náà 4, 8, 16, 32, 64, títí dé 128 lápá òsì. Kí wọ́n wá fi kọ orúkọ ìlú wọn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: I jẹ́ 73, ìyẹn 64 pẹ̀lú 8 pẹ̀lú 1, ẹ ṣí mẹ́ta yẹn, ẹ dé ìyókù: 01001001. F jẹ́ 70: 01000110. E jẹ́ 69: 01000101. Tí kíláàsì yín bá dáa, ẹnì kan á béèrè pé Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ń kọ́, ṣebí Ifẹ̀ ni wá, a kì í ṣe Ife? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Nọ́ńbà Ẹ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí wọ́n fún àwọn lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, jẹ́ 7864, ìdérí 8 ò lè gbé e, byte mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń lò láti tọ́jú lẹ́tà ẹyọ kan yẹn. Fọ́ǹtì tí ò bá mọ̀ ọ́n ló ń gbé àpótí òfìfo síbẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n lórí ẹ̀rọ: nínú Word tàbí LibreOffice Writer, àwọn ètò tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀, kí wọ́n tẹ 1eb9, kí wọ́n wá tẹ Alt àti X pọ̀, lẹ́tà “ẹ” á jáde. 1ecd á gbé lẹ́tà “ọ” jáde, 1e63 á gbé “ṣ” jáde. Látọjọ́ tí mo ti fi èyí hàn wọ́n, kò sọ́mọ tó ń kọ orúkọ ẹ̀ láìfàmì sí i mọ́ ní kíláàsì mi.

Ọjọ́ mìíràn tí ò sí ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń te ẹ̀bà, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an níwájú wọn. Tí wọ́n bá gbàgbé pé kí omi hó, omi tútù ni kẹ́ ẹ da gààrí sí. Wọ́n á mọ ohun tó ń jẹ́ algorithm, ìyẹn ìgbésẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n tò tẹ̀ léra, láìjẹ́ pé ẹ pè é. Ẹ tún lè ní kí wọ́n kọ bí èèyàn ṣe máa rìn láti Lágere dé Ẹnuwá nínú Ifẹ̀ níbí.

Ní ti Excel tàbí Calc, àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò nínú tábìlì nọ́ńbà, àjọ ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìyá wọn ló ń dá a. Orúkọ ẹni mẹ́wàá, iye tí kálukú dá, kí wọ́n kọ =SUM(B2:B11) sábẹ́ ẹ̀. Kí wọ́n wá yí iye ẹnì kan padà kí wọ́n wo bí àpapọ̀ ṣe yí fúnra ẹ̀. Ẹ má fi nọ́ńbà tí ò ní ìtumọ̀ kọ́ ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń dá àjọ. LibreOffice ò gbówó, Scratch tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ètò kíkọ fún kọ̀ǹpútà náà ò gbówó, tẹ́ ẹ bá ti dáùnlóòdù wọn lẹ́ẹ̀kan wọn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná àti ìtọ́jú ẹ̀rọ dùn mí. Iléèwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n fún wọn ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tì í mọ́nú yàrá kí àwọn ọmọ má bà á bà á jẹ́, nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, eku ti jẹ wáyà. Lílò ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ẹ wo àsìkò tí iná sábà máa ń wà, kẹ́ ẹ bẹ ọ̀gá iléèwé kí wọ́n gbé pírèdì yín síbẹ̀. Tí jẹnẹ́rétọ̀ lẹ bá fẹ́ tàn, láptọ́ọ̀pù mẹ́ta ò ní mu epo tó kọ̀ǹpútà orí tábìlì mẹ́ta. Àwọn ọmọ OAU tó ń wá ṣe Teaching Practice náà, ẹ má fi wọ́n sídìí nóòtì, ẹ fi wọ́n sídìí ẹ̀rọ, ẹni méjì tó ń ṣọ́ ọmọ 18 á jẹ́ kẹ́ ẹ mí.

Ẹ yọ pírèdì kan sọ́tọ̀ fún OTP (nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bàǹkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù) àti password. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá pè wọ́n pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù ìyá wọn, olè ni, ì báà mọ orúkọ bàǹkì wọn.

Tó bá di ìdánwò, ẹ má fi bíírò nìkan ṣe é. Kí ọmọ jókòó, kó ṣí fódà tuntun, kó tẹ orúkọ ẹ̀ pẹ̀lú àmì, kó tọ́jú ẹ̀, kó pa gbogbo ẹ̀ dé, kó jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹ pè é padà pé kó wá fáìlì ẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin tó gbé máòsì sókè lọ́jọ́sí, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi rí tiẹ̀.