Ẹ fi cap pín owó yín kí ẹ tó buwọ́ lu SAFE

Ẹ̀yin ará wa tó ń fi owó sínú ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, bí wọ́n bá gbé ìwé SAFE wá fún yín, ìyẹn ìwé àdéhùn tí ẹ fi ń san owó báyìí kí ẹ lè gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá post-money ni, ìyẹn èyí tó ti ka owó gbogbo SAFE mọ́ iye ilé-iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi iye cap, ìyẹn iye tó ga jù lọ tí wọ́n lè ka ilé-iṣẹ́ náà sí bí wọ́n bá ń ṣírò ìpín yín, pín owó yín, ìpín yín nìyẹn: dọ́là 10,000 lórí cap mílíọ̀nù dọ́là 1 jẹ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Y Combinator, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fi owó ran àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, ló gbé SAFE jáde ní 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018 kí owó gbogbo àwọn tó ra SAFE lè ti wà nínú cap náà. Nítorí náà, bí olùdásílẹ̀ bá tún ta SAFE fún ẹlòmíì, ìpín olùdásílẹ̀ náà ló ń dínkù, kì í ṣe tiyín. SAFE ti àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní pre-money, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ ní gan-an títí owó ńlá látọ̀dọ̀ àwọn olùdókòwò tó ń ra ìpín ní tààrà yóò fi wọlé. Ẹ má gba orúkọ tó wà lókè ìwé gbọ́ o, torí àwọn kan máa ń tún inú rẹ̀ kọ. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti túmọ̀ Company Capitalization (àpapọ̀ ìpín ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n fi ń ṣírò), kí ẹ rí i pé Converting Securities (gbogbo SAFE àti irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó máa di ìpín) wà níbẹ̀. Àmọ́ ìṣirò yìí kò ká owó tuntun tó ń bọ̀ lẹ́yìn: bí olùdókòwò ńlá bá gba ìdá 20, ìdá 1 yín di 0.8. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí tirẹ̀ dínkù, kó béèrè ìwé pro rata lọ́tọ̀, ìyẹn ìwé tó fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ìpín sí i nígbà tí owó tuntun bá ń wọlé, kó tó fi owó ránṣẹ́.