Súìtì Tí Ẹnì Kan Ò Ní Jẹ Ló Dá Ẹrù Mi Dúró

£12! Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn torí pé wọ́n "bá mi tọ́jú" ẹrù tí àwọn fúnra wọn dá dúró, a ò tíì sọ ti VAT o.

Thunderbird 2 ni mo ń wá, ọkọ̀ òfuurufú aláwọ̀ ewé tó rí róbótó bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú Thunderbirds, fíìmù ọmọláńgidi orí tẹlifíṣọ̀n ti 1965 yẹn. Konami ní Japan ṣe kékeré ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní shokugan, wọ́n á fi súìtì kan há a sínú páálí kó lè wọ igbá àwọn onípápánu, ẹ ò sì ní mọ ọkọ̀ tó wà nínú ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tú u. Mo bá ní kí n kúkú ra odindi káátọ̀n tí wọn ò tíì já. Ríra ẹ̀ ò le, ẹ wá aṣojú tó ń bá èèyàn rajà níbẹ̀, ẹ sanwó, ó parí.

Ọjọ́ mẹ́fà ló dé Ìlú Ọba. Ó wá jókòó sọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún! Mo pè, ẹni àkọ́kọ́ ní kí n ní sùúrù, ẹnì kejì ní ẹrù ò sí lọ́dọ̀ àwọn, ìyáàfin kẹta ló tó ka fọ́ọ̀mù sí mi létí: aṣojú mi kọ "candy" síbẹ̀, wọ́n rò pé oúnjẹ ni mo ń kó wọ̀lú. Mo ní mọ̀dáàmù, súìtì yẹn ti di òkúta, eku gan-an ò ní fẹnu kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, kò mà tú ẹrù sílẹ̀. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, mo fi rìsíìtì ránṣẹ́, ìgbà tí wọ́n máa fi dáhùn, bíìlì ló dé, 20% lórí ọjà àti lórí owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ Slough tó wà nítòsí Lọ́ńdọ̀n tí mò ń gbé yìí náà ni wọ́n ti ya fíìmù ọ̀hún o!

Àmọ́ ẹ wo ọkọ̀ náà, ó jojú ní gbèsè. Nọ́ńbà 2 ara ẹ̀ hàn ketekete, bẹ́ẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Thunderbird 4, ọkọ̀ mìíràn nínú fíìmù náà, méjì ló jáde ṣá, ọ̀kan wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe pààrọ̀.

Tí mo bá tún rà á, màá ní kí aṣojú yọ súìtì kúrò kó tó dì í, kó kọ ọ́ pé ohun ìṣeré oníke ni. Àwọn tí kì í já páálí á ní mo ba nǹkan jẹ́, ìyẹn kàn wọ́n. Mo tú ọ̀kan nínú súìtì yẹn lánàá, ọ̀rá ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá.