Kéèkì tó dáa fáwọn àlejò tẹ́ẹ bá fẹ́ jọ wo fíìmù nílé

Kéèkì tí wọ́n máa jẹ nídìí fíìmù yàtọ̀ sí kéèkì ọjọ́ ìbí o. Wọ́n ti pa iná, ojú gbogbo èèyàn wà lára tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ráyè, kò sẹ́ni tó fẹ́ máa wá fọ́ọ̀kì kiri nínú òkùnkùn. Ìgbà kan wà tí mo gbé kéèkì ńlá tí àísìn bò pátápátá kalẹ̀ fáwọn àlejò mi, ká tó wo fíìmù dé ìdajì àísìn ti wà lára àga, ó ti wà lára rìmóòtù, àwọn míì ò tiẹ̀ jẹ rárá torí wọn ò fẹ́ dìde lọ gé e. Ó dùn mí gan-an. Látìgbà yẹn kéékèèké ni mò ń ṣe, èyí tí wọ́n ń dà sínú pépà, kálukú á mú tiẹ̀.

Fún bíi 12: bọ́tà gírámù 125, ṣúgà 125, fúláwà 125, ẹyin ńlá 2, baking powder ṣíbí tíì kan, mílíìkì ṣíbí ńlá kan tàbí méjì, iyọ̀ díẹ̀, fanílà díẹ̀. Tí èrò bá pọ̀ ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di méjì-méjì.

Bọ́tà àtẹyin ò gbọdọ̀ tutù, ẹ kó wọn jáde nínú fíríìjì ní bíi wákàtí kan ṣáájú. Bọ́tà tó le kì í gba atẹ́gùn sínú, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn yẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kéèkì wú, ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú, wọ́n á pò ó fún ìṣẹ́jú kan wọ́n á ní ó ti tó. Kò tíì tó! Ẹ po bọ́tà àti ṣúgà títí á fi funfun, tá á fúyẹ́, bíi ìṣẹ́jú 5 tẹ́ẹ bá ń lo míṣà, tó bá jẹ́ ọwọ́ ni á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fọ́ ẹyin kan sí i, kẹ́ẹ pò ó wọra dáadáa kẹ́ẹ tó fọ́ ìkejì, tó bá ń ṣe bíi pé ó fẹ́ dì wẹ́wẹ́ ẹ bu fúláwà ṣíbí kan sí i, á padà bọ̀ sípò.

Tó bá kan fúláwà, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni o. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ baking powder àti iyọ̀, ẹ fi asẹ́ kù ú sí i, ẹ da mílíìkì àti fanílà sí i, kẹ́ẹ rọra fi ṣíbí rò ó, bí fúláwà ò bá ti hàn mọ́ ẹ dúró níbẹ̀, torí tẹ́ẹ bá rò ó jù kéèkì á le.

Adùn tẹ́ẹ fẹ́ fi sórí, inú ni kẹ́ẹ fi sí. Ẹ rin èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù sí i (ara yẹ́lò nìkan o, funfun abẹ́ ẹ̀ korò), tàbí kẹ́ẹ yọ gírámù 25 kúrò nínú fúláwà kẹ́ẹ fi kòkó lẹ́bú rọ́pò ẹ̀.

Oven á ti gbóná dé 180°C kẹ́ẹ tó gbé e sí i. Ẹ dà á dé ìdá méjì nínú mẹ́ta pépà, torí á wú. Ìṣẹ́jú 18 sí 20 ló máa ń lò, mo bẹ̀ yín ẹ má ṣílẹ̀kùn ẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú 15, àárín ẹ̀ lè jìn wọlé. Ẹ ki igi tín-ín-rín bọ àárín, tí nǹkan tútù ò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ẹ ṣe é, kẹ́yin náà lè ráyè wo fíìmù. Tó bá ti tutù tán ẹ kó o sínú ike tó dé dáadáa, ẹ má kó o sí fíríìjì, ó máa ń tètè gbẹ níbẹ̀. Kẹ́ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò bóyá ẹyin, mílíìkì tàbí ẹ̀pà wà lára ohun tí ara wọn kì í gbà, èyí ò ṣeé fojú kéré rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ pín in sáwo méjì, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún, tíṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ẹ sì ti tú gbogbo ọ̀rá tó ń pariwo kúrò kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.