Bí a ṣe ń wọn ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ má fi tépù télọ̀ wọn ẹyọ kan. Ó máa ń fà, ìlà rẹ̀ sì nípọn jù. Mìlímítà ni kí ẹ máa lò. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, ẹ má da méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan.

Bó bá jẹ́ rúlà irin nìkan ló wà lọ́wọ́, ẹ sín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n fara kanra, ẹ wọn gbogbo rẹ̀, ẹ fi mẹ́wàá pín in. Mìlímítà 62 túmọ̀ sí 6.2 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tó ń há nǹkan sáàárín, ló dára jù, ká sòótọ́. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé ná; bí kò bá fi òdo hàn, ẹ nu ẹnu rẹ̀ dáadáa, ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á. Ẹ rọra fún un mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, torí iyùn lè sán. Ẹ yí i, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: ìlẹ̀kẹ̀ àfọwọ́ṣe kì í rí roboto délẹ̀.

Ti ihò ńkọ́? Ẹnu kálípà kì í wọ ibẹ̀. Ẹ wá wáyà tó wọ ihò náà gẹ́ẹ́, kí ẹ wá wọn wáyà ọ̀hún.