Èwo ló máa jí mi?

Fáìlì 340 ló wà nínú fúláàṣì tí Màmá gbé lé mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, oorun sì ti ń sá fún wọn látìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ òru. Hypnosis ni wọ́n fi ń wá a: ohùn kan á máa bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí ara á fi rọ̀. Àmọ́ kí lorúkọ àwọn fáìlì ọ̀hún? “Track 07”, “final”, “final 2”. Wọ́n á tẹ ọ̀kan láago mọ́kànlá alẹ́, ọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá. Màmá tí kò fẹnu kan sìgá rí!

Ọgbọ́n àgbọ́njù ni mo kọ́kọ́ gbọ́n. Mo fi ohun tí fáìlì dá lé lórí pín wọn: oorun, sìgá, ìbẹ̀rù, ìrora. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àmì tí mo fi pín wọn ti di 61, mi ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín “ìfọ̀kànbalẹ̀” àti “ìbàlẹ̀ ọkàn” mọ́. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Èwo nínú wọn ló máa jí mi?”

Mo pa gbogbo àmì náà rẹ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ fáìlì hypnosis ló máa ń fi kíka nọ́ńbà jí èèyàn lópin, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún oorun kì í sábà jíni; ibi tó bá ọ dé náà ló ń fi ọ́ sí. Mo gbọ́ irú ẹ̀ kan lẹ́yìn iyán ọ̀sán, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo lajú. Látìgbà náà, ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn nìkan ni mò ń gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé orí lẹ́tà méjì: J fún èyí tó ń jíni, S fún èyí tó ń mú ni sùn lọ. Iye ìṣẹ́jú tẹ̀ lé e. Mo fi E kún èyí tó nílò iápíìsì, torí àwọn kan wà tí ohùn etí ọ̀tún yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì. Bí rédíò bá gbé e jáde lásán, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. S-25-E, ó parí.

Kí ló dé tí mi ò kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi? Mo gbìyànjú ẹ̀. Àmì ID3 àtijọ́ (ibi tí wọ́n ń kọ àkọlé sí nínú fáìlì MP3), ti ọdún 1996, ni rédíò kékeré Màmá ń kà: lẹ́tà 30 péré fún àkọlé, kò sì mọ ẹ, ọ àti ṣ rárá. “Ìbẹ̀rù” di àmì ìbéèrè. Bí mo bá sì yọ àmì ohùn kúrò, oorun, oòrùn àti òórùn di ọ̀kan náà. Orúkọ fáìlì ni mo wá kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn sí níwájú.

Ó ku mẹ́sàn-án tó já lójijì, ohùn náà ka “ẹ̀ẹ́ta” tán, ó dákẹ́. Mo fẹ́ pa wọ́n rẹ́, Màmá fa fúláàṣì náà yọ. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ló ń mú àwọn sùn jù.